Olùkọ́ Tó Fi Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Pa Àlejò Lẹ́rìn-ín

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá máa fi ránṣẹ́ kiri. Ẹ kà á tán ná. Mo mọ̀ yín.

1.
Arábìnrin kan rí iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú òkèèrè. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó débẹ̀ tí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀. Kò mọ ẹnì kankan, kò gbọ́ èdè ìlú náà, yàrá tó gbà ò sì ju ibùsùn kan àti fèrèsé kan lọ.

Opó kan tó ń ránṣọ ní yàrá kejì ló gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Obìnrin náà kan ilẹ̀kùn, ó gbé ọbẹ̀ wọlé. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ò ju ẹyọ-ẹyọ lọ.

"Jẹ. Gbóná. Sùn," ló wí.

Tíṣà jẹ, ó sunkún, ó sùn. Àtọjọ́ náà ló ti ń pe obìnrin yìí ní Àǹtí. Tó bá tibi iṣẹ́ dé, á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì Àǹtí, á máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Àǹtí náà á máa bá a tún aṣọ rẹ̀ rán. Gẹ̀ẹ́sì yẹn ò tò rárá, ṣùgbọ́n Àǹtí ò bẹ̀rù láti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ìtàn ọjọ́ tí òun àti olóògbé ọkọ òun ra maṣíìnì náà. Ọkọ rù ú lérí nínú òjò, ìyàwó wá ń fi agboòrùn bo maṣíìnì, òjò pa bàbá títí ó fi rin gbingbin.

"Ọkọ bínú," Àǹtí wí. "Mo sọ: ọkọ máa gbẹ. Maṣíìnì máa dípẹtà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

2.
Nígbà tó yá, Tíṣà rí ọ̀rẹ́ níbi iṣẹ́: àwọn olùkọ́ bíi tiẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ lẹ́nu wọn bí ọṣẹ. Ó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ìlú onílùú rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Ó pè wọ́n wá sílé lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ọ̀rọ̀ ò dùn, kálukú ń wo fóònù. Ni Tíṣà bá lọ mú Àǹtí wá.

"Àǹtí, ẹ sọ ìtàn maṣíìnì yẹn fún wọn!"

Inú Àǹtí dùn. Ó nu ọwọ́, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé ibi òjò tí wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó tún sọ gbólóhùn kan, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ. Ìgbà yẹn ló yé e pé kì í ṣe ìtàn òun ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹnu òun ni. Ó wo ojú Tíṣà. Tíṣà gan-an ló ń rẹ́rìn-ín jù.

"Mo ní iṣẹ́," Àǹtí wí, ó sì dìde. Kò parí ìtàn ọkọ rẹ̀.

3.
Látìgbà náà, tí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, Àǹtí á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mi orí, á kọjá. Kò sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ìyá Tíṣà pe ọmọ rẹ̀ láti ilé.

"Àǹtí rẹ aránṣọ yẹn ńkọ́? O ò dárúkọ wọn mọ́."

"Wọ́n wà, Mọ́ọ̀mi. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ni."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Ẹ̀fẹ̀ lásán ni o! Àwọn ni wọ́n ń bínú."

"Hẹ̀n. Ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Lọ bẹ̀ wọ́n lónìí, ọmọ mi."

"Màá lọ, mà."

Kò lọ. Ojú ń tì í, ìgbéraga ò sì jẹ́ kó gbà pé ojú ń ti òun. Ó ní tí Àǹtí bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun á dáhùn.

4.
Ilé-ìwé gba ìsinmi, gbogbo ará ilé lọ sí ìlú wọn. Ó ku Tíṣà àti Àǹtí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà gbọ́ tí sálúbàtà ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀. Sálúbàtà náà dúró síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ ti wá, àbí?" ló wí nínú ọkàn rẹ̀. "Ẹ kan ilẹ̀kùn, ká gbọ́."

Kò dìde. Sálúbàtà náà yí padà.

Lọ́sàn-án ni ọmọbìnrin Àǹtí ti ìlú míì dé, igbe rẹ̀ ló gbé Tíṣà jáde. Àǹtí wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Nílé ìwòsàn, dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, pé ká ní wọ́n tètè gbé e wá láàárọ̀ ni, ì bá sàn jù báyìí lọ.

Ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó kọjú sí Tíṣà.

"Màmá mi pè mí láàárọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe àwọn bákan. A rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn yín, kẹ́ ẹ bá mi wò wọ́n. Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní, 'Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín.'"

Tíṣà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Àǹtí.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Bó ṣe wù kó jáde, ẹ ṣáà sọ ọ́."

Àǹtí gbìyànjú. Ohùn kan jáde tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í sì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Òun náà gbọ́ ọ. Ló bá fi ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù fún un bo ẹnu.

Títí dòní, tí Tíṣà bá ti wọlé báyìí, Àǹtí á bo ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó ń fi èdè tí kò gbọ́ délẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀, ìfẹ́ yín ló borí ìtìjú lára rẹ̀. Ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ojúure àwọn ẹlẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣẹ̀ ẹ́, ẹ má jókòó dè é nílé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, lónìí. Ẹyin lọ̀rọ̀: bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kò sì sí aránṣọ tó lè rán an.