Oògùn Inú Ọ̀rá tí Àdìó Fi Wa Maṣíìnì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.
Télọ̀ ni Àdìó ní Fegge, ní Onitsha. Ó ń ti Ogidi bọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọlù ú, egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi irin sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì fi oògùn méjì lé Súlìyát, ìyàwó rẹ̀, lọ́wọ́.

“Parasitamọ́ọ̀lù, méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Ẹ má dúró kí ìrora kọ́kọ́ dé. Ibuprófẹ́ẹ̀nì, ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ, àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ márùn-ún péré. Àwọn méjèèjì á ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ má fi oògùn ìrora mìíràn kún un o! Ọmọ ìyá ibuprófẹ́ẹ̀nì, oògùn tó jọ ọ́, ló pọ̀ níta. Bí wọ́n bá pàdé nínú ikùn, wọ́n á dá egbò sí i. Ẹsẹ̀ yìí ò sì gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.”

Súlìyát fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri.

2.
Fún ọjọ́ mẹ́ta, ìrora náà ṣeé fara dà. Kò tán, ṣùgbọ́n ó ṣeé fara dà. Iléyá wá ku ọjọ́ méjìlá, aṣọ oníbàárà sì ga bí òkìtì. Àbdùl, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ata ní ọjà Ose Okwodu, wọlé.

“Àdìó, ṣé bí o ṣe máa jókòó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín nìyí?”

“Ó ṣì ń dùn mí ni.”

“Kí ni wọ́n fún ẹ? Parasitamọ́ọ̀lù? Oògùn ibà ọmọ ọwọ́! Wọ́n ti irin bọ ẹsẹ̀ àgbàlagbà, wọ́n wá fún un ní parasitamọ́ọ̀lù!”

Ó fa ọ̀rá kékeré kan yọ. Oògùn aláwọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sí orúkọ lára ìkankan.

“Èyí ni àwọn tó ń ru àpò ata lọ́jà wa ń lò. Gbé e mì, wàá sáré.”

“Bùrọ̀dá Àbdùl, ẹ gbé e padà! Nọ́ọ̀sì ní...” Súlìyát ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àdìó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: “Ṣé nọ́ọ̀sì ló máa bá mi ran aṣọ Iléyá ni?”

3.
Ó gbé e mì. Kò tó wákàtí kan, ìrora ti sá. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé maṣíìnì, ó ń wà á.

“Súlìyát, oògùn wo ló dáa jù báyìí? Èyí tó ń jẹ́ kí n ṣiṣẹ́!”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé egungun náà ti jinná ni? Kò jinná! Ìrora tó ń kìlọ̀ fún un ni oògùn náà dí lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń gbé oògùn inú ọ̀rá mì, tó ń fi ibuprófẹ́ẹ̀nì lé e, kódà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí nọ́ọ̀sì dá, nígbà mìíràn láìjẹun. Ó fi àkísà nu ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ sára ògiri.

4.
Lọ́jọ́ keje, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí èédú. Ó fi pamọ́! Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó bi ẹ̀jẹ̀ sórí léèsì funfun oníbàárà. Mama Ifeoma, ará ilé wọn, pariwo: “Chineke! Súlìyát, gbé e, kẹ̀kẹ́ ti dé!”

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní ọmọ ìyá ibuprófẹ́ẹ̀nì ló wà nínú ọ̀rá yẹn, òun ló dá egbò sí ikùn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n irin ti tẹ̀, egungun ti yẹ̀. Wọn ò lè tún ẹsẹ̀ ṣe àfi bí ikùn bá jinná. Nígbà tí ikùn fi máa jinná, egungun ti so ní wíwọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrú títí dòní, kò lè wa maṣíìnì mọ́.

Àbdùl wá kí i. “Àmúwá Ọlọ́run ni,” ló wí.

Súlìyát dìde. “Má fi Ọlọ́run bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ! Ṣé Ọlọ́run ló di ọ̀rá yẹn?”

Ẹ gbọ́ o! Oògùn tó pa gbogbo ìrora kọ́ ló dáa jù. Èyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ abẹ yín yàn ni kí ẹ lò, ní iye tó sọ. Tí kò bá ká ìrora, ẹni náà ni kí ẹ padà lọ bá, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ ju oògùn aláìlórúkọ nù. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí èédú, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ inú ikùn, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun a fagbára mú ní í le koko.