Ohun Tí Ajere Gbọ́

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n mú awakọ̀ náà dé ọgbà mẹkáníìkì, wọ́n fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n fi gbé e wá, alága àwọn awakọ̀ ló sì wà á. Bọ́ńpà iwájú ti wó wọnú, iná ọwọ́ ọ̀tún ti fọ́. Káfíńtà tí ọkọ̀ pa ọmọ rẹ̀ obìnrin ní oríta lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin. Igi tí wọ́n mú lọ́wọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ fi kan àga.

Kò sẹ́ni tó rí nọ́ńbà ọkọ̀ tó pa ọmọ náà. Eruku ló bo gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní oríta gbọ́ ìró ọkọ̀ náà bó ṣe ń sá lọ: gbọ̀-kọ̀, gbọ̀-kọ̀, láti ibi ẹsẹ̀ iwájú. Awakọ̀ yìí ní ògiri ilé ìwòsàn lòun kọlù lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tóun ń sáré gbé ìyàwó òun lọ bímọ. Kò sẹ́ni tó lọ wo ògiri náà. Ta ni yóò máa lọ wo ògiri nígbà tí Ajere mẹkáníìkì wà?

Alága ti bá wọn ṣe àdéhùn. Ajere ni yóò gbọ́ ọkọ̀ náà. Bó bá ní ògiri ni, wọn yóò tú ọkùnrin náà sílẹ̀, kó máa lọ bá ìyàwó rẹ̀. Bó bá ní èèyàn ni, alága yóò kó ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti ń bọ̀ láti àná.

Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ajere, wọ́n ní etí rẹ̀ lu jára bí ìkòkò ajere. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ ọkọ̀ kan tó ń kọjá lójú títì, ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní pẹ́ yọ. Kò tó wákàtí kan tí ẹsẹ̀ náà fi yọ. Láti ìgbà yẹn, bí Ajere bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gba oníbàárà, tó ń béèrè ohun tó ń ṣe ọkọ̀, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára sílétì, tó sì ń gbé e fún un. Àwọn èèyàn ní ètò nìyẹn, pé àwọn mẹkáníìkì yòókù ò mọ̀ ju kí wọ́n máa pariwo lọ.

Obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ télọ̀, tó bá wọn wá, ó kọ ọ́ sára sílétì. Ajere kà á, ó mi orí pé ó ti yé òun.

"Bàbá," awakọ̀ náà wí, "ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ló wà nílé mi. Mi ò mọ ẹni tó pa ọmọ wọn."

Ajere ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí alága ṣáná sí ẹnjíìnì.

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Fíìì, fíìì, láti ibi bẹ́líìtì, gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ló gbọ́. Ajere tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ẹnjíìnì, ó di ojú. Ó ní kí alága wà á síwájú díẹ̀, kó tún wà á padà sẹ́yìn, òun náà sì ń bá a rìn, ọwọ́ rẹ̀ lára ọkọ̀. Súfèé náà ṣì ni.

Télọ̀ họrí. "Ẹ̀yin èèyàn, èyí tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ò jọ eléyìí. Ìyẹn ń kan nǹkan ni. Eléyìí ń súfèé."

"Ṣé ìwọ tó ń rán ṣòkòtò lo fẹ́ kọ́ Ajere bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọkọ̀?" ọ̀kan nínú àwọn àbúrò káfíńtà bi í.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú ti télọ̀, ó sún sẹ́yìn.

Ajere lajú. Ó wo káfíńtà, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó wo igi tó wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Gbọ̀-kọ̀ ni," ó ní. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú. Ògiri kì í ṣe ọkọ̀ báyìí. Èèyàn ló kọlù."

Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ó la ẹnu, ó wo àwọn ọkùnrin náà, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ẹni àkọ́kọ́ fi igi lu awakọ̀ náà lórúnkún. Ó ṣubú síwájú, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi gba ara rẹ̀ dúró, eyín rẹ̀ méjì dá sílẹ̀. Ẹnì kan mú irin jáàkì nílẹ̀, ó fi fọ́ ọ léjìká. Káfíńtà gbé ẹsẹ̀ lé e lọ́rùn, ó ń lù ú, ó ń sunkún, ó ń bi í pé kí ni ọmọ ọdún méje fi ṣe é.

"Bàbá, ẹ tún un gbọ́," awakọ̀ náà ké. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pè é. Ajere ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi garawa, ó ń fi ọṣẹ fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́. Kò yíjú.

"Àyà ọkùnrin yìí mà le o," alága wí. "Gbogbo igbe yìí, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn."

Wọ́n ń lù ú títí igi kan fi dá, wọ́n sì tún ń fi èyí tó kù lù ú lẹ́yìn tí kò mira mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ bá ọ́ìlì dúdú tó wà nílẹ̀. Télọ̀ lọ bì sẹ́yìn àwọn táyà.

Ajere nu ọwọ́ rẹ̀, ó yíjú padà, ó sì rí ohun tó kù nílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé ó jẹ́wọ́?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà ò lè gbójú sókè wò ó, nítorí nínú gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà náà, òun nìkan ló mọ̀ pé láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan ti bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ òun, Ajere kò tíì gbọ́ ìró kankan.