Máòsì Ọ̀gá Àgbà

Àbúrò mi di lẹ́tà mú. Wọ́n ti lé e níṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe fún wọn?"

Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo ní kó ṣọkàn akin, kò sóhun tójú ò rí rí.

Òun ló bá mi wá iṣẹ́ níbí. Èmi ni mo kọ ètò tó ń to orúkọ òṣìṣẹ́ sójú kọ̀ǹpútà: ọ̀rọ̀ lásán, kò sí àwòrán kankan. Orúkọ bàbá ló fi tò wá. Èmi rèé, àbúrò mi ló tẹ̀lé mi.

Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ láti olú iléeṣẹ́ pé òun ò lè máa wá bọ́tìnnì kiri, kí n jẹ́ kí ètò náà gba máòsì tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ lójú kọ̀ǹpútà.

Mo ṣe é. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ń ka ìlà láti oókan, ètò mi ń kà á láti òdo. Ìlà téèyàn bá tẹ̀ kọ́ ló ń mú, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni.

Àbúrò mi ló rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí n tún un ṣe.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ dé. Kò mojú ẹnì kankan nínú wa.

"Ẹnì kan wà níbí tó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?"

"Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, sà," mo ní.

Ó fi máòsì tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà jáde. Ó fọwọ́ sí i láì kà á, ó wọkọ̀ lọ.

Àbúrò mi gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà yẹn ńkọ́? Ẹ ti tún un ṣe, àbí?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti tún un ṣe," mo dá a lóhùn.

Orúkọ tèmi ni ọ̀gá tẹ̀.