Níbo Lẹ Ti Rí Pákó Yìí?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi bá Bàbá Adésọjí, ọkọ mi, wí.

Ọdún 1991 la wà yìí, ní Apòmù. Ọ̀la ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mo máa lé orin, gìtá tó ní òun ń ṣe fún mi ò tíì ní okùn!

Káfíńtà ni. Ó tún ń fi ìka kan àyà gìtá náà, ó ń dẹtí sí i.

"Ìgbà mélòó lẹ fẹ́ fá a?"

"Ó ṣì nípọn. Tí kò bá fẹ́lẹ́, kò ní dún."

"Pákó wo tiẹ̀ ni? Igi afárá ni? Níbo lẹ ti rí i?"

"Ìwọ ṣáà máa kọrin."

Ìdáhùn tí mo ń gbà nìyẹn láti oṣù kan tí mo ti ti ọsibítù dé. Ó ti sú mi!

Mo já gìtá gbà. "Mi ò kọrin mọ́, àfi tẹ́ ẹ bá sọ."

Ó jókòó. Omi gba ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ láti ọsibítù pé o ò ní í mọ́jú, mo kan pósí rẹ. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní o ti dìde jókòó, o ń kọrin. Mi ò lè tà á fún ẹlòmíì. Mi ò lè dáná sun ún."

Mo wo gìtá. Mo wo ọkọ mi.

Mo gbé pósí mi fún un padà.

"Ẹ tètè so okùn sí i o. Orin pọ̀ níkùn mi."