Dùùrù Tí Hezekiah Fi Ìbínú Kọ́

Ẹ má fojú fo ìlà kankan o. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọlọ́run gbọ́, ilẹ̀ tá a jọ ń tẹ̀ gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ẹnu tó sọ ọ́ má jẹ iyọ̀ mọ́.

1.
Hezekiah ló ń tẹ dùùrù oníná ní ìjọ Kérúbù kan ní Ẹgbẹ́dá. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n ìjọ ń fara dà á. Lọ́jọ́ ìsọjí kan, Sanmí wá láti Akínyẹlé. Atẹdùùrù ni òun náà, ìka rẹ̀ dà bí òjò lórí páànù. Ó dúró lẹ́yìn Hezekiah, ó gbọ́ díẹ̀, ó bá fi èjìká tì í kúrò lórí àga.

"Dìde níbẹ̀ jàre, bàbá ìgbín! Àwọn áńgẹ́lì ti sùn lọ."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àfẹ́sọ́nà Hezekiah gan-an fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Sanmí, ìkórè wa ń bọ̀," ni Hezekiah wí. "Níwájú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí náà ni n ó ti bọ́ ẹ sí ìhòòhò."

Àpọ́sítélì Oyèkúnlé, olórí ìjọ, dá sí i. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìkórè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dáa jù ló ni àga yìí."

2.
Hezekiah gbéra, ó di Lálùpọn, lọ́dọ̀ Màmá Leah. Màmá ti ń tẹ dùùrù láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí dùùrù, wọ́n ká ìka rẹ̀ bí ẹni di ọsàn mú.

"Dẹ ọrùn ọwọ́ rẹ. Orin yìí, rọra tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti mọ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níhìn-ín, níbi tí ohùn ti ga díẹ̀. Tó bá tún mọ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Màmá, bí ìka ṣe ń sáré ni mo wá kọ́ o."

"Kó mọ́ ná, eré á bá a níbẹ̀. Bí o bá fi ìkánjú kọ́ àṣìṣe, àṣìṣe náà ni yóò máa sáré."

"Sanmí ò ní dúró dè mí."

"Ta ni Sanmí? Ṣé orin lo fẹ́ kọ́ ni àbí ìjà?"

"Ìjà ni!" Ó fò dìde, ó ta àga nípàá níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. "Ọwọ́ yín ti kú, Màmá. Ẹni tó bá fẹ́ sin òkú ni kó wá kọ́ tiyín."

Màmá ò fèsì. Wọ́n mú aṣọ, wọ́n nu ibi tí ìka rẹ̀ kàn lórí dùùrù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹni tẹ́ ẹ bú tó bú yín padà, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹni tí kò fèsì ni kẹ́ ẹ máa sá fún.

3.
Hezekiah wá ń dá kọ́ ọ. Ibì kan ṣoṣo ló ti lè bẹ̀rẹ̀ orin lórí dùùrù. Bọ́tìnnì kan wà lára dùùrù oníná: bí olórin bá gbé ohùn sókè, bọ́tìnnì yẹn ni ọ̀lẹ ń tẹ̀, dùùrù á bá a gbé e, ọ̀lẹ náà kò ní yí ọwọ́ padà. Òun ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Eré dé lóòótọ́! Ó ń ya fídíò, àwọn èèyàn ń pè é ní Ìka Iná. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, ó fi róòbù ra á. Ojú Sanmí ló ń rí lórí dùùrù, ó sì ń tẹ ojú náà mọ́lẹ̀.

4.
Ọjọ́ ìkórè pé. Sanmí kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mọ́. Hezekiah jókòó, iná sọ. Ìjọ pariwo, Sanmí lanu sílẹ̀.

"Báwo la ti rí i, ọ̀gá?" Hezekiah ń yínmú sí i.

Ìgbà náà ni Màmá Leah, tí wọ́n wá síbi ìkórè láti Lálùpọn, dìde nínú sùtánà funfun. Nínú ìjọ Kérúbù, ẹni tí ẹ̀mí bá gbé ló ń dá orin níbi tó bá wù ú, atẹdùùrù ni yóò wá ohùn rẹ̀ rí lórí dùùrù. Màmá dá orin. Hezekiah tẹ bọ́tìnnì, ó bá wọn. Màmá gbé orin náà sókè díẹ̀. Hezekiah tún tẹ bọ́tìnnì, dùùrù fo ohùn wọn kọjá. Wọ́n tún gbé e. Àwọn ìyá ìjọ tó ń gbe orin náà wà níbì kan, dùùrù wà níbòmíràn, bí ajá àti ewúrẹ́ nínú àpò kan. Màmá ò wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ bá a wá bọ́tìnnì o!" ni Sanmí kígbe.

Inú bí Hezekiah, ó tún fi eré kún eré. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ gan, ìka ká kò, kò nà mọ́. Sanmí ò ti ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn jókòó sórí àga, ó bá ohùn Màmá, orin ń lọ. Àfẹ́sọ́nà Hezekiah ò rẹ́rìn-ín. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

5.
Dókítà ní iṣan ọwọ́ náà ti bàjẹ́. Ó lè má padà sípò mọ́. Hezekiah gbọ́ pé ara Màmá Leah ò yá, ó sáré lọ sí Lálùpọn. Gbọ́njúbọ́lá, ọmọ wọn, ṣílẹ̀kùn. Hezekiah dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, mo jẹ̀bi. Ẹ kọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dákun."

Màmá wo ọwọ́ náà láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wò ó pẹ́.

Ìwọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mo kìlọ̀ fún ẹ. Má fi ẹ̀san ṣe olùkọ́. Má bú ẹni tó ní kó o rọra. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá Màmá Leah. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn láyé nìyí: "Gbọ́njú, ti ilẹ̀kùn."

Ti ilẹ̀kùn.