Òòrẹ̀ Tó Kẹ̀yìn sí Àgbà

Àlọ́ mi ré pẹ́tẹ́, ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà Àparò, níbi tí Òòrẹ̀ ti ń wá iṣẹ́. Òòrẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rí, oúnjẹ sì ti tán nílé rẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀: bí ẹnikẹ́ni bá ti bi í léèrè, á kẹ̀yìn, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ á sì nàró.

Àparò ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹyin rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wo lo ti ṣe rí?"

Òòrẹ̀ kẹ̀yìn sí i. Ẹgà aláròyé, tí òun náà wá du iṣẹ́ ọ̀hún, bú sẹ́rìn-ín, ó dá orin:

Òòrẹ̀, kọjú sí wa o,
*Jéńrinjé.*
Ta ní í kẹ̀yìn kí àgbà?
*Jéńrinjé.*

Àparò gba Ẹgà. Lọ́jọ́ kejì, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kí Ẹgà pẹ̀lẹ́, Ẹgà sì bá a tàkúrọ̀sọ títí ó fi júwe ìdí koríko tí ẹyin wà. Ẹyin méjì bá a lọ.

Àparò sáré lọ pe Òòrẹ̀. "Jókòó síhìn-ín. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tún dé. "O kú iṣẹ́ o, ọ̀rẹ́. Ọmọ ta ni ọ́?"

Ojú ti Òòrẹ̀. Ó kẹ̀yìn, ẹ̀gún rẹ̀ nàró, wọ́n gún Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ figbe ta, ó sá wọgbó. Àparò gba orin náà lẹ́nu Ẹgà:

Òòrẹ̀, kẹ̀yìn sí wọn o,
*Jéńrinjé.*

Òòrẹ̀ jẹun yó lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bí ọbẹ̀ ṣe rí.

Bí mo bá purọ́, ẹ lọ bi Òòrẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò dá yín lóhùn.