Kẹ́tùlù Orí Pẹpẹ

Ọkùnrin kan ló pe ọ́fíìsì wẹ́fíà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi lọ wo ọmọ onídìrí tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ń fi omi gbóná jó o. Ẹ ṣáà wo ìpàkọ́ rẹ̀.”

Obìnrin tó gbé fóònù bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá gbọ́ orúkọ mi, ẹ ò ní wá.” Ló bá pa fóònù.

Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ ni wọ́n ń pe obìnrin yìí níbi iṣẹ́. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dùn sí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìkà, kò sì sí irọ́ tí wọn ò tíì pa fún un rí. Òun kì í gbọ́ ti ẹnu, ojú lòun ń wò, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó di ọ̀dọ̀ onídìrí.

Yàrá kan ṣoṣo ni. Iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn, kọ́tìnì ló là á láàárín. Onídìrí ń ki ṣóńṣó irun oníbàárà kan bọ abọ́ omi gbóná kó má baà tú.

“Màmá, ẹ káàbọ̀ o! Irun yín yìí mà ń bẹ̀ mí o! Ẹ wá jókòó.”

Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ibi tó ti wá, ẹ̀rín onídìrí gbẹ, ó sì ní kí oníbàárà lọ gba atẹ́gùn díẹ̀.

Lẹ́yìn kọ́tìnì ni Pẹ́ńpé wà, ọmọdébìnrin tín-ín-rín kan, ó di ẹ̀wù ọkùnrin kápẹ́ńtà kan mú. Bàbá ọmọ náà ti kú. Kápẹ́ńtà yìí ni ìyá rẹ̀ ń fẹ́. Irun orí ọmọ náà rí wúruwùru.

“Ta ló dì ọ́ nírun?”

“Bọ̀ọ̀dá ni.” Ó tọ́ka sí kápẹ́ńtà.

Ìyá rẹ̀ tún rí ẹ̀rín rín. “Màmá, ẹ wo ayé mi! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Pẹ́ńpé ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí òun. Ọwọ́ tó ń kan ìṣó yẹn ló fi ń bá a dì í.”

Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ ká irun ìpàkọ́ ọmọ náà sókè. Àpá kan ti san. Èkejì ṣì ń ṣomi.

“Yéè! Kí lèyí?”

Pẹ́ńpé wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. “Mo ṣubú ni, mà.”

Kápẹ́ńtà la ẹnu, ṣùgbọ́n onídìrí ti bú sẹ́kún.

“Màmá, mi ò lè purọ́ fún yín. Ọkùnrin yìí ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ó fi òòlù fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.”

“Ṣé òótọ́ ni?”

Kápẹ́ńtà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?”

Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ wo yàrá náà yíká. Pẹpẹ kan wà lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Kẹ́tùlù nìkan ló wà lórí rẹ̀.

“Kí ni kẹ́tùlù ń wá lọ́hùn-ún?”

“Òun náà ló kan pẹpẹ síbẹ̀,” ni onídìrí wí. “Ọwọ́ mi ò tó o. Tí mo bá fẹ́ omi gbóná, àfi kí n bẹ̀ ẹ́ kó bá mi gbé e. Á sì dúró tì mí gangan títí màá fi lò ó tán.”

Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ pòṣé. Ọkùnrin tó ń jọba lórí omi, kí ni kò ní jọba lé lórí? Ó ti rí irú wọn rí. Ó pe àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní òótọ́ ni, ó ti ṣẹ̀wọ̀n.

“Yálà kí ọkùnrin yìí kúrò níbí lónìí, tàbí kí n mú ọmọ lọ. Tó bá tún sún mọ́ yín, ẹ̀wọ̀n ló ń padà sí.”

“Ọmọ mi ni mo mú o, Màmá! Ọkọ pọ̀ nígboro, wọn kì í ra ọmọ lọ́jà.”

Orí Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ wú. Ṣùgbọ́n Pẹ́ńpé ò fi ẹ̀wù kápẹ́ńtà sílẹ̀. Ìka ni wọ́n ń ṣí níkọ̀ọ̀kan, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ọmọ tí wọ́n bá ti dẹ́rù bà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kápẹ́ńtà gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà wo pẹpẹ, ó tún fẹ́ sọ nǹkan. Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Nígbà tí oṣù parí, ó padà lọ wò wọ́n. Ilé mọ́ tónítóní. Pẹ́ńpé jókòó láàárín orúnkún ìyá rẹ̀, irun rẹ̀ dán, ó rẹwà, wọ́n fà á títí iwájú orí rẹ̀ fi ń kọ mànà. Kò mira. Wọ́n ti yọ pẹpẹ kúrò. Kẹ́tùlù ń hó lórí gáàsì lẹ́bàá ẹsẹ̀ onídìrí.

“Ara ti tù mí, Màmá. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ kí n tó lo omi nílé mi.”

“Pẹ́ńpé, ṣé dáadáa ni?”

“Dáadáa ni, mà.”

Irun náà wu Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ débi pé kò fọwọ́ kàn án, kó má baà bà á jẹ́. Ó fà wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó ní ọ̀rọ̀ wọn ti parí lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí i, “Ìyá Ọmọ Ọlọ́mọ, a kú iṣẹ́ o!” Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí fóònù dún, tó sì gbé e.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ni ohùn jẹ́jẹ́ ọjọ́sí wí, “ẹ ti ní kí n má débẹ̀ mọ́, ta ló wá ń gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ ìyá Pẹ́ńpé báyìí?”